Bí A Ṣe Ń Mọ Rímù Àlọ́ì Tòkunbọ̀ Tí Ó Bá Bọ́ọ̀sì Mu

Rímù ni irin róbótó tí táyà ọkọ̀ ń wọ̀ mọ́. Rímù àlọ́ì ni èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù àti èròjà mìíràn tí wọ́n yọ́ pọ̀ ṣe. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí àwọn ọlọ́jà ń pe ọjà àlòkù tí ó ti òkè òkun wá, irú èyí tí ó kún ọjà Ládípọ̀ ní ìlú Èkó. Ìbéèrè tí olùrà sábà máa ń béèrè ni pé, ‘Ṣé yóò wọlé?’ Ìbéèrè náà kò tó. Rímù lè wọlé síbẹ̀ kí ó má bá ọkọ̀ mu. Bọ́ọ̀sì Volkswagen Transporter, ẹ̀yà T4 (1990 sí 2003) àti T5 (2003 sí 2015), yóò jẹ́ àpẹẹrẹ.

1. Òbìrìkìtì bóòtù

Èyí ni òbìrìkìtì tí ó gba àárín gbogbo ihò bóòtù kọjá. Ìdábùú rẹ̀ ni ìlà tí ó la agbedeméjì rẹ̀ já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. T4 ní ihò 5 lórí ìdábùú 112 mìlímítà. T5 ní ihò 5 lórí 120. Nítorí náà, rímù T4 kò yẹ T5, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá.

Níbi tí ihò bá jẹ́ 5, kò sí ihò tí ó kọjú sí òmíràn gan-an. Ìdábùú kò ṣeé wọ̀n tààrà. Ohun tí ó yẹ ni kí olùrà wọn láti etí òsì ihò kan dé etí òsì ihò tí ó tẹ̀lé e, kí ó sì fi 0.588 pín iye náà. Bí ó bá rí 65.8, ìdábùú jẹ́ 112; bí ó bá rí 70.5, ó jẹ́ 120. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáánù ń lo 114.3, tí ìwọ̀n ihò sí ihò rẹ̀ jẹ́ 67.2. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti T4 kò ju 1.4 mìlímítà lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Bóòtù tí wọ́n bá fi ipá dè sí irú rímù bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó dáadáa, ó sì lè tú lójú ọ̀nà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

2. Ihò àárín

Ihò yìí ni ó ń wọ orí họ́ọ̀bù ọkọ̀. Ti T4 jẹ́ 57.1 mìlímítà, ti T5 jẹ́ 65.1. Ọ̀pọ̀ rímù Mercedes-Benz ní ìdábùú 112 bíi ti T4, ṣùgbọ́n ihò àárín wọn jẹ́ 66.6, ọ̀pọ̀ rímù BMW ní 120 bíi ti T5, ṣùgbọ́n tiwọn jẹ́ 72.6. Ihò tí ó kéré ju họ́ọ̀bù kò ní wọlé rárá. Èyí tí ó tóbi jù ń fẹ́ òrùka adíhò tí yóò dí àlàfo náà. Láìsí i, ọwọ́ ọkọ̀ lè máa gbọ̀n.

3. Ìyẹ̀kúrò

Ìyẹ̀kúrò ni ìwọ̀n tí ó wà láàárín ojú tí rímù fi kan họ́ọ̀bù àti ìlà tí ó pín fífẹ̀ rímù sí méjì. Wọ́n máa ń fi lẹ́tà ET kọ ọ́ sí ara rímù. Ti T5 sábà máa ń ju 50 lọ. Bí rímù tí ó fẹ̀ bákan náà bá jẹ́ ET 20, yóò yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ohun tí ó lé ní 30 mìlímítà: táyà lè máa ha ara ọkọ̀, bíárìn yóò sì máa jìyà.

4. Ìjókòó bóòtù

Orí bóòtù T5 tí ó bá ọkọ̀ wá rí róbótó níbi tí ó ti kan rímù. Ihò ọ̀pọ̀ rímù mìíràn rí ṣóńṣó bí àrọ. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn mu: ìwọ̀nba ibi tín-ínrín ni wọn yóò ti kan ara wọn.

5. Agbára ìgbẹ́rù

Ibí ni bọ́ọ̀sì ti yàtọ̀ sí ọkọ̀ kékeré. Lára bọ́ọ̀sì, àkọsílẹ̀ kan ń fi ẹrù tí ó pọ̀ jù lọ tí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn lè gbé hàn. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ 1,600 kílógíráàmù, rímù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé 800, táyà rẹ̀ pẹ̀lú. Rímù ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 690 sí lẹ́yìn kò yẹ é, bí ìwọ̀n mẹ́rin ìṣáájú tilẹ̀ bá a mu. Ó lè rìn dáadáa nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kí ó sì sán lọ́jọ́ tí èrò àti ẹrù kún inú rẹ̀.

Níkẹyìn, rímù tí ó ti sán tàbí tí wọ́n ti jó kì í ṣe ohun tí ó yẹ fún bọ́ọ̀sì akẹ́rù, bí ó ti wù kí ó dán tó. Ìwọ̀n márùn-ún ni. Bí ọ̀kan bá kùnà, rímù náà kò bá ọkọ̀ mu.