Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tí ó Tọpa Sòbìà dé Inú Omi

Àwọn àgbà a máa wí pé, kí sòbìà tó degbò, olúgàńbe ni à á ké sí. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Kétu, ní Ìkòsì àti ní Alápẹrẹ, ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá yín àgbà, kí ẹ má sì mọ ohun tí sòbìà í ṣe, nítorí ojú yín kò rí i rí. Ohun ọpẹ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ bí àrùn náà ti ṣe kúrò ní ilẹ̀ wa, kí ẹ sì mọ orúkọ ọmọ Yorùbá kan tí ó ní ìpín nínú iṣẹ́ náà, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé.

Sòbìà ni aràn kan tí ó tín-ín-rín bí òwú, tí ó sì gùn. Abo rẹ̀ a máa gùn tó mítà kan. Lábẹ́ awọ ara ni í gbé, ẹsẹ̀ ni ó sì ń gbà jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá fẹ́ jáde, ojú ibẹ̀ á lé bí ibi tí omi gbígbóná jó, á sì máa ta ẹni náà bí iná. Àwọn kan nínú àwọn tí ń wádìí Ìwé Mímọ́ tilẹ̀ rò pé sòbìà ni ejò amúbíiná tí a kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Númérì, orí 21. Títí di òní, kò sí oògùn tí ó lè pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó lè dènà rẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe ni pé wọn a wé orí aràn náà mọ́ igi kékeré, wọn a sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá já, wàhálà mìíràn dé nìyẹn.

Ẹ wo ọjà Mile 12 tí ó wà nítòsí wa. Iṣu, ata àti tòmátì tí a ń rà níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, láti ọwọ́ àgbẹ̀ tí a kò mọ̀. Ní ìgbà tí sòbìà ń jà, àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù ni ó sábà máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ ebè, orí ẹní ni ó wà. Ẹni tí ó yẹ kí ó kórè, ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Ní 1987, ìwádìí kan tí UNICEF ràn lọ́wọ́ láàrin àwọn àgbẹ̀ oníresì ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé àdánù tí àrùn yìí ń mú bá wọn tó mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún.

Níbo wá ni aràn yìí ti ń wọ ara? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé a bí i mọ́ni ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ni ó wà. Kò yani lẹ́nu, nítorí láti ọjọ́ tí ènìyàn bá ti gbé e mì títí di ọjọ́ tí yóò jáde, ó tó nǹkan bí ọdún kan. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣín?

Ní 1870, ará Rọ́ṣíà kan, Alexei Fedchenko, rí i pé ọmọ aràn náà a máa wọ inú kòkòrò omi kan tí àwọn amòye ń pè ní Cyclops. Kòkòrò yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti fi ojú lásán rí, ojú kan ṣoṣo ni ó sì ní. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní olójú-kan. Ní 1905 a rán Robert Leiper láti Ìlú Ọba sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, òun náà sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Báyìí ni ó rí: alárùn a wọ inú adágún láti pọn omi, aràn náà a sì tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi, olójú-kan a gbé wọn mì, ẹlòmíràn a wá pọn omi náà, a sì mu olójú-kan pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Olójú-kan kì í ṣe irú kan. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé. Èwo nínú wọn ni ó ń gbé sòbìà kiri ní ilẹ̀ tiwa? Ṣànyà Ọnàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni ó gbé ìbéèrè yìí lé àyà. Onímọ̀ nípa àwọn ohun tí ń gbé inú ara ẹlòmíràn ni, ó sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn. Kò fi ohun tí àwọn ará òkèèrè ti kọ sílẹ̀ ṣe òpin ìmọ̀. Ó mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì fi sùúrù wádìí ohun tí ń gbé inú omi wọn. Ní 1951 ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé pé èyí tí a ń pè ní Thermocyclops nigerianus ni ó ń gbé sòbìà kiri níbẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé orúkọ ilẹ̀ wa wà nínú orúkọ kòkòrò náà. Ní 1954 ó tún kọ̀wé lórí bí àwọn olójú-kan tí ọmọ sòbìà wà nínú wọn ti ń rìn nínú omi lọ́sàn-án àti lóru.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni èrè iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Èrè rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí ọ̀tá ń gbé ni ó mọ ọ̀nà tí yóò gbà dí i. Olójú-kan kéré lójú wa, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ihò aṣọ tí a hun dáadáa lọ. Bí a bá fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sẹ́ omi, inú aṣọ ni yóò kù sí.

Ọnàbámirò kò sì fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ sáàrin àwọn amòye. Ní 1949 ó kọ ìwé Why Our Children Die, lórí ohun tí ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ní 1953 ó kọ Food and Health, lórí oúnjẹ àti ìlera. Lẹ́yìn náà ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó lé sòbìà lọ; ọwọ́ púpọ̀ ni ó para pọ̀. Ní nǹkan bí 1988 tí a ka àwọn alárùn ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Nígbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí pín aṣọ asẹ́mi láti abúlé dé abúlé, a gbẹ́ kànga, a da oògùn sí adágún, a sì kọ́ àwọn alárùn pé kí wọ́n má wọ inú omi mímu mọ́. Ẹgbẹ́ Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ṣe iṣẹ́ púpọ̀, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì bá wọn rìn dé àwọn abúlé. Ní oṣù kọkànlá 2008 ni a rí alárùn ìkẹyìn ní Nàìjíríà; ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ilẹ̀ wa ti bọ́. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni ó ní i ní gbogbo ayé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán. Ní oṣù kẹfà 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Kósọ̀fẹ́ tiwa wà lára àwọn ibi tí ó ti jà. Aṣọ tí ó tó fún sòbìà kò tó fún onígbáméjì, nítorí kòkòrò rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀; a ní láti se omi títí yóò fi hó. Pàápàá nígbà tí odò Ògùn bá kún tí ó sì wọ àdúgbò wa, ẹ má ṣe mu omi kànga láìsè é. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ara yín lónìí pé: omi tí à ń mu nílé wa, níbo ni ó ti ń wá, kí ni ó sì wà nínú rẹ̀? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Àgọ́-Ìwòyè náà béèrè ní ẹ̀bá omi abúlé, tí kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi rí ìdáhùn.