Kí Ló Dé Tí Fọ́tò Wa Kò Hàn Gaara?

Ní Sátidé kan, a gbé kámẹ́rà wa lọ sí òde ìnáwó ní Muṣin. Ìyá àgbà kan ló pé ọdún 80. Onígángan ń lù, màmá fúnra wọn dìde, wọ́n jó. A ya fọ́tò wọn púpọ̀. Nígbà tí a délé tí a wò ó, ojú màmá ń ṣe bàìbàì nínú gbogbo rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ta mọ́ ògiri lẹ́yìn wọn ló hàn kedere. Kò pé oṣù mẹ́rin, màmá jáde láyé. Àwọn ọmọ wọn wá béèrè fọ́tò tí wọn yóò tẹ̀ sára ìwé ètò ìsìnkú. Kí ni a fẹ́ sọ fún wọn?

Kámẹ́rà ni a dá lẹ́bi nígbà náà. A ní ó ti gbó. Irọ́ ni. Òun náà la ṣì ń lò dòní. Nítorí náà, bí fọ́tò yín kò bá hàn, ẹ má tíì sáré ra kámẹ́rà mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò náà dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tó bà á jẹ́.

Ṣé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó hàn? Bí ojú ènìyàn bá ń ṣe bàìbàì, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì hàn, a jẹ́ pé ibòmíràn ni kámẹ́rà tẹjú mọ́. Ẹ na ìka kan síwájú ojú yín, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn. Ṣé ẹ rí i pé ohun tó wà lókèèrè kò hàn mọ́? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kámẹ́rà ṣe rí. Àfi kí ẹ sọ ibi tí yóò wò fún un. Ẹ gbé àmì kékeré onígun mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sórí ẹyinjú ẹni tí ẹ ń yà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì. Bí àmì náà bá di aláwọ̀ ewé, tàbí tí kámẹ́rà bá ké pí, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ tán. Bó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà lórí gíláàsì rẹ̀.

J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó sì kú ní ọdún 2014, mọ iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì yà tó nǹkan bí 1,000. Fíìmù ló lò. Síbẹ̀, irun náà hàn débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí kò bá sí ohun kan tó hàn, tí gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Bí àga bá hàn, tó jẹ́ pé ọwọ́ oníjó nìkan ló fà, oníjó ló yára ju kámẹ́rà lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fa méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń tan gílóòbù kan ṣoṣo lábẹ́ àtíbàbà, kámẹ́rà á la ojú sílẹ̀ pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 1/15 tàbí 1/60 níbẹ̀. 1/60 ni pé wọ́n pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 60, ojú kámẹ́rà sì là fún ìdá kan péré. Fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, 1/125 dára. Fún ẹni tó ń jó, ẹ gbé e dé 1/250 tàbí 1/500. Fọ́tò á wá ṣókùnkùn o! Nítorí náà, ẹ mú ẹni náà sún mọ́ iná, tàbí kí ẹ gbé nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ISO sókè, láti 100 dé 1600. Bó bá ga jù, fọ́tò á dà bí ẹni pé wọ́n da gàrí sí i. Àwa fara mọ́ gàrí ju ojú tí kò hàn lọ.

Bó bá jẹ́ pé ìkùukùu ló bo gbogbo fọ́tò, òróró ọwọ́ ti kan gíláàsì kámẹ́rà. Tàbí kẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú gbọ̀ngàn olómi tútù kan ní Sùúrùlérè, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, bọ́ sínú ooru ìta. Gíláàsì náà á làágùn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi etí aṣọ nù ún, iyanrìn inú aṣọ á ha á.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò yí padà, ẹ lẹ ìwé ìròyìn kan mọ́ ògiri lọ́sàn-án. Ẹ gbé kámẹ́rà ka orí tábìlì, kí ó máa dá yà á fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ má kàn án. Ẹ ka ohun tó wà nínú fọ́tò náà. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá ṣeé kà, kámẹ́rà yín kò ṣàìsàn. Bí kò bá ṣeé kà, ẹ gbé e lọ bá alátùn-únṣe, kí ẹ sì mú fọ́tò ìwé ìròyìn náà dání kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.