Óótì, Òjò àti Ooru: Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Pinnu Ìkórè

Óótì ti di oúnjẹ àárọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, pàápàá ilé tí ẹnì kan bá ti ń ṣọ́ ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó ti rí i lóko ni kò pọ̀ láàárín wa. Ọkà ilẹ̀ tútù ni, ooru wa kò bá a lára mu, ì báà ṣe lọ́sàn-án tàbí lóru. Ibi tí ìgbà ooru kì í ti í mú janjan ló ti ń ṣe dáadáa: Kánádà, Rọ́ṣíà, Finland, Poland, Scotland. Kánádà ló ń ta óótì sílẹ̀ òkèèrè jù lágbàáyé, nítorí náà oko wọn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn pẹ̀tẹ́lẹ̀ Saskatchewan, Manitoba àti Alberta.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ óótì àti ojú ọjọ́, ọ̀sẹ̀ tí òjò rọ̀ ṣe pàtàkì ju iye òjò tó rọ̀ lọ́dún lọ. Àwọn àgbẹ̀ tiwa mọ èyí lára àgbàdo. Bí òjò bá dá nígbà tí àgbàdo ń tú ìrùkẹ̀rẹ̀, ì báà padà wá rọ̀ ní àrọ̀ìrọ̀dá lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ti óótì tún wá le díẹ̀, torí pé omi tó ń lò kó tó dàgbà ju ti àlìkámà àti bálì lọ.

Kí a tó gbin ohunkóhun rárá ni ọ̀rọ̀ omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò dídì bá yọ́ ní ìparí ìgbà òtútù, omi rẹ̀ á wọ ilẹ̀, òun sì ni ọkà yóò kọ́kọ́ mu. Ọdún tí òjò dídì kò bá pọ̀, àgbẹ̀ ti jẹ gbèsè omi kó tó gbé irúgbìn kúrò nílé.

Láti ìparí oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń gbìn ín. Ilẹ̀ tó bá ti móoru tó 5°C tó fún un láti hù. Bí òtútù bá padà dì lóru ọjọ́ kan, ewé lè jóná, ṣùgbọ́n igi kì í sábà kú, nítorí ojú ìdàgbà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó tètè gbìn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rù. Ẹni tó pẹ́ ni kí ó bẹ̀rù. Óótì ń ka gígùn ọ̀sán. Lóṣù Kẹfà, ní ìlú Saskatoon, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá, gígùn ọ̀sán yìí ló sì ń sọ fún ọkà náà pé ó tó àkókò láti yọ ṣírí. Igi tó hù pẹ́ á kánjú yọ ṣírí pẹ̀lú ìwọ̀nba ewé àti gbòǹgbò tó ní, á sì bọ́ sọ́wọ́ ooru oṣù Keje gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó bá hù, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ìdí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè ru ṣírí tirẹ̀. Bí omi bá wà, wọ́n á dúró. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ìyá á pa àwọn ọmọ tì, á gbájú mọ́ ara rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló gbẹgẹ́ jù. Nígbà tí ẹni tó dúró lóko ń wo ewé nìkan, ṣírí ti ń tò jọ nínú pòròpórò níbi tí ojú kò tó, iye wóró tí yóò jẹyọ sì ti ń di pípinnu níbẹ̀. Bí ooru bá kọjá 30°C lásìkò yìí, tí ilẹ̀ sì gbẹ, igi kò ní lè bọ́ gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ṣírí yọ tán, kí ẹ wá mú ọ̀kan lọ́wọ́. Ṣírí óótì kò dì mọ́ra bíi ti àlìkámà. Ó fọ́n ká, wóró sì ń rọ̀ dirodiro lórí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ti funfun, wọ́n á fúyẹ́, bí ẹ bá sì fi èékánná là wọ́n, òfìfo ni. Ẹni tí kò mọ̀ á ní àrùn ló dé, á máa wá oògùn tí yóò fọ́n sí i. Oògùn wo ló fẹ́ wò ó? Ooru tó fà á ti lọ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lẹ́yìn òdòdó, ó kù kí wóró kún. Bí ọ̀sán bá tutù níwọ̀nba, tí òru náà sì tutù, á máa kún díẹ̀díẹ̀. Bí ooru bá mú, ọkà á kánjú gbó, wóró á sì rù. Ẹni tó ń tà á nìkan kọ́ ni èyí ń dùn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n óótì ni èèpo. Èèpo ti parí ìdàgbà tirẹ̀ kí wóró tó kún, nítorí náà bí wóró bá rù, èèpo kò bá a rù. Ilé iṣẹ́ ìlọkà tó bá ra irú óótì bẹ́ẹ̀, ìyàngbò ló fi owó gidi rà. Nítorí èyí, àwọn tó ń yẹ ọkà wò ní Kánádà á da óótì sínú ife ìdajì lítà, wọ́n á fi igi gé orí rẹ̀ dọ́gba, wọ́n á wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó bá fúyẹ́ jù, ẹran ọ̀sìn ni yóò jẹ ẹ́.

Ọdún 2021 kó gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ti gbẹ kí wọ́n tó gbìn. Ní ìparí oṣù Kẹfà, ooru kan bo ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ìlú Lytton ní British Columbia dé 49.6°C, irú èyí tí wọn kò wọ̀n rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ooru yìí kan pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lára, ó kọjá 35°C ní ọ̀pọ̀ ibi, lásìkò tí ọ̀pọ̀ óótì ń yọ ṣírí tàbí tó kù díẹ̀ kó yọ ọ́. Mílíọ̀nù 4.6 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó lọ́dún 2020. Ti 2021 kò tó mílíọ̀nù 3. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn kò dúró de ìkórè, wọ́n gé e ní tútù fún màlúù, ìyẹn náà sì ní ewu tirẹ̀, nítorí óótì tí ọ̀dá ń pa máa ń kó nitrate jọ sínú pòròpórò, bó bá sì pọ̀ jù ó lè pa màlúù. Ní ọjà Chicago, owó búṣẹ́ẹ̀lì óótì kan kọjá dọ́là 7 kí ọdún náà tó parí, ibi tí kò dé rí ṣáájú ìgbà náà.

Òjò púpọ̀ náà ní ìyọnu tirẹ̀. Bó bá rọ̀ pẹ̀lú ìjì nígbà tí ṣírí ti wúwo, á tẹ́ igi mọ́lẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti da ajílẹ̀ jù, ẹ̀rọ ìkórè kò sì ní lè gbé e tán. Òru tí ìrì sẹ̀ àti ọ̀sán tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni àrùn tó ń mú ewé óótì dógùn-ún fẹ́ràn. Láti apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé hóró àrùn náà wá sí Manitoba. Bí òjò bá sì pàdé ìkórè, wóró á dúdú, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ní Scotland, ìṣòro tó wọ́pọ̀ nìyẹn: omi kì í sábà wọ́n wọn, ọjọ́ gbígbẹ tí wọn yóò fi kórè ló máa ń wọ́n wọn.

Lọ́dún 2022, òjò padà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kánádà, ìkórè sì lé ní mílíọ̀nù 5 tọ́ọ̀nù. Lọ́dún 2023 ó tún já wá sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 3. Ẹni tó bá wo òǹkà yìí lásán á ní ọ̀dá 2021 ló tún dé. Ọ̀gbẹlẹ̀ wà láwọn ibì kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n óótì ti kún ọjà, owó rẹ̀ ti wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ti fi ilẹ̀ wọn gbin nǹkan mìíràn. Iye tọ́ọ̀nù tó jáde lórí hẹ́kítà kan ni ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ojú ọjọ́ yẹ kó béèrè.

Ohun tó wà níkàáwọ́ àgbẹ̀ kò pọ̀. Ó lè tètè gbìn. Ó lè yan irúgbìn tí pòròpórò rẹ̀ kúrú tó sì le, tí àrùn ewé kò tètè mú. Bó bá sì kórè tán, kò ní ro ilẹ̀ náà: á fi kùkùté pòròpórò sílẹ̀ lóòró, kí afẹ́fẹ́ má baà gbá òjò dídì kúrò lóko, kí omi rẹ̀ lè wọlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá yọ́.