Ẹ Dúpẹ́ Kí Ẹ Tó Ṣí Ìkòkò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ́dọ̀ wa ló mọ oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n jẹ. A ti sọ ọ́ títí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń ṣẹ́gun wọn: ọjà ò tà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti tán wọn lókun. Èèyàn á se indomí méjì, á fi ẹlẹ́rìndòdò tútù sìn ín, ojú rẹ̀ á sì wà lára fóònù títí ìkòkò á fi gbẹ. Kì í ṣe ebi ló ń pa á. Ọkàn rẹ̀ ni ò balẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọpẹ́ ti lè ranni lọ́wọ́. Ní 2019, Sonja Lyubomirsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan máa kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ẹni tó ṣe wọ́n lóore. Àwọn yòókù kàn ń kọ ohun tí wọ́n ṣe lójúmọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn tó ń dúpẹ́ ní oúnjẹ àwọn ti ń dára sí i. Nínú ìdánwò mìíràn tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó jọ pé ìbànújẹ́ tó dín kù wà lára ohun tó fà á. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ o, ẹ má sọ ọ́ di àgbo.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Kí ẹ tó ṣí ìkòkò, ẹ jókòó. Bí ará ilé bá bá yín ká aṣọ nígbà tí òjò ṣú, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹ má kàn ní “ẹ ṣeun”. Ẹ dárúkọ aṣọ tó bá yín ká. Lẹ́yìn náà, ẹ bu oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ dé ìkòkò, ẹ gbé fóònù jìnnà. Ó máa ń tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ikùn ti yó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tó ti yó tó sì ṣẹ́ oúnjẹ kù kì í ṣe aláìmoore. Ẹ jẹ́ kó dìde.

Ẹ má torí ọpẹ́ yìí dá oògùn dúró. Bí ẹ ò bá lè ṣíwọ́ jíjẹ, tí ẹ ń mọ̀ọ́mọ̀ bì í, tàbí tí ìbànújẹ́ ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ mú káàdì yín, kí ẹ wá rí nọ́ọ̀sì.