Ìjàpá Abẹ́ Igi Máńgòrò: Bí A Ti Ń Sọ Ògbólógbòó Ọkọ̀ Di Ọ̀tun Nínú Ọgbà Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀ràn ọkọ̀ Volkswagen kékeré nì, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá, mu rẹ́gí. Nínú àwọn agboolé kan nílẹ̀ Yorùbá, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí táyà rẹ̀ ti rọ̀, tí adìẹ sì ń yé sínú rẹ̀. Bàbá tí ó rà á ti lè di ará ọ̀run. Àwọn tí ń ra àlòkù irin ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní kí a tà á kí ilẹ̀ lè mọ́. Èkejì ní ọkọ̀ tí ó gbé àwọn lọ sí ilé ìwé kò yẹ ní títà bí ìkòkò fífọ́. Kí wọ́n tó pinnu, ó tọ́ kí wọ́n mọ ohun tí iṣẹ́ àtúnṣe náà ń béèrè.

Ibi Tí Ìjàpá Ti Wá

Ferdinand Porsche ni ó ṣe ètò ọkọ̀ yìí ní ilẹ̀ Jámánì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọ̀gá ológun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, ni ó mú kí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní Wolfsburg. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1972, iye Ìjàpá tí a ti ṣe kọjá ti Ford Model T, tí ó ti ń ṣíwájú láti ọjọ́ pípẹ́. Jámánì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1978, ṣùgbọ́n ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, èyí tí ó kẹ́yìn kò jáde títí di ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 21,529,464.

Ní ilẹ̀ wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 1975. Ẹni tí ó bá rí èyí tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún lè fura pé ó ti wà kí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tó dé, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún.

Ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò ní omi nínú rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnì náà sì wà. Bóòtì mẹ́rin péré ni ó so ó mọ́ jíà, nítorí náà ènìyàn méjì tí ó ní jáàkì dáradára lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọgbà ilé.

Ilẹ̀ Ọkọ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà títàn kò wo ìpáàrà sàn, ṣe ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, omi kíkan inú rẹ̀ a sì máa jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ títí yóò fi lu. Kí a ká rọ́gì, kí a fi ṣúkúdíráfà gún ibẹ̀ wò. Lẹ́yìn èyí, kí a wo irin gígùn oníhò tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, nítorí òun ni ó di ara ọkọ̀ mú. Bí ó bá ti jẹrà, kí ajórinmọ́rin kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin dábùú ojú ilẹ̀kùn kí ó tó gé ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara ọkọ̀ yóò wọ́, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé dáadáa mọ́.

Ohun gbogbo tí a bá tú, kí a kó bóòtì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kí a sì kọ ibi tí ó ti wá sára agolo náà. Iṣẹ́ tí a rò pé yóò gba oṣù mẹ́ta lè gba ọdún méjì, ọpọlọ kò sì lè rántí gbogbo rẹ̀.

Jíjí Ẹ́ńjìnì

Ẹ́ńjìnì tí ó ti sùn fún ọdún pípẹ́ kì í fẹ́ ìkánjú. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a tó fi sípánà yí i pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó bá yí wẹ́rẹ́, ìrètí wà. Kí a da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí a fọ asẹ́ rẹ̀, kí a sì rọ ọ̀tun, ìwọ̀n lítà méjì ààbọ̀. Kí a fọ táǹkì epo àti kabúrétọ̀. Àyè tí ó wà lẹ́nu fáàfù kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n mìlímítà 0.15 lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá ni a sì ń wọ̀n ọ́n.

Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù tí ń fẹ́ ẹ́ńjìnì. Bí iná pupa bá tàn lójú ìrìn àjò, kí awakọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí bẹ́líìtì lè ti já. Bí ó bá ń lọ síwájú, ẹ́ńjìnì yóò jóná.

Ohun Tí Ó Lè Gba Ẹ̀mí

Ewu mẹ́ta ni kò yẹ kí a fi ṣeré. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan tàbí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì gbé dúró. Búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Irin ìdúró gidi ni kí a lò. Èkejì, rọ́bà tí epo ń gbà kọjá lókè ẹ́ńjìnì a máa gbó, a sì máa sán; bí epo bá kán sórí irin gbígbóná, iná dé. Bákan náà ni ìbòrí bátìrì: bí kò bá sí níbẹ̀, sípírìn ìjókòó lè kan orí bátìrì kí iná sì ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni bíréèkì. Nínú àwọn Ìjàpá àtijọ́, ojú kan ni òróró bíréèkì ti ń lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà bí páìpù kan bá jò, gbogbo bíréèkì lọ nìyẹn. Kí a pààrọ̀ gbogbo rọ́bà rẹ̀ kí a tó ronú àtijáde.

Títà Tàbí Títún Ṣe

Bí irin ilẹ̀ àti ti abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti jẹrà tán, kì í ṣe ìtìjú láti tà á. Ilẹ̀kùn, gíláàsì àti ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè gba Ìjàpá ẹlòmíràn là. Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ bá ṣì le, kí àwọn ọmọ bàbá pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, kí wọ́n máa dá owó díẹ̀díẹ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí wọ́n sì wá àgbà mẹkáníìkì tí ó mọ ohùn Ìjàpá kan, kí ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí jókòó tì í bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ń dín kù, ìmọ̀ tí wọ́n ní kò sì sí nínú irin tí a lè wọ̀n tà. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì jí, kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ ṣe, kí wọ́n mú un lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n tó gbé e jáde sí títì.