Kọ́bọ̀ Márùn-ún Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwọn òbí tí ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́jù ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Lónìí, àwọn tí ń pín owó ilé-ìwé ìjọba ni a fẹ́ pa á fún.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2004 ka jẹ́lé-ó-sinmi mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ó ní kí a ya ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó tí ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, kí àwọn Ìpínlẹ̀ sì mú owó tiwọn wá kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ ìpín, ìlànà tí wọ́n tẹ̀lé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òfin náà ni pé nínú náírà kan, kọ́bọ̀ 60 jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ́bọ̀ 35 jẹ́ ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gírámà, kọ́bọ̀ 5 péré sì jẹ́ ti jẹ́lé-ó-sinmi.

Àwọn kan lè wí pé kíláàsì àwọn kékeré kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò náà. Kíláàsì 6 ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní. Kọ́bọ̀ 10 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì 3 ni ti gírámà. Ó lé ní kọ́bọ̀ 11 tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 2013 fi ọdún 1 ní jẹ́lé-ó-sinmi kún ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ dandan fún ọmọ ọdún 5. Kọ́bọ̀ 5 ni ó kàn án. Àbọ̀ ìpín ni a fún àbíkẹ́yìn.

Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kan etí kejì ni wọ́n ń gbà. A kò lè bá ìjọba náà wí nítorí àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì tó etí, nítorí pé iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ti ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọmọ ilé-ìwé, àwáwí yẹn ti tán.

Ẹ wo kíláàsì kìn-ín-ní. Ọmọ tí òbí rẹ̀ rí owó san ní jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni ti mọ a-b-d kí ó tó débẹ̀. Ọmọ alágbàṣe tí ó jókòó tì í lè má tíì di pẹ́ńsùlù mú rí. Ìwé kan náà ni olùkọ́ yóò fi kọ́ àwọn méjèèjì. Bí ọmọ kejì bá ti ibẹ̀ rẹ̀yìn, owó tí a ná lé e lórí ní kíláàsì òkè ń bọ́ sínú ajẹ̀rẹ̀ ni.

Ní Ypsilanti, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí ní ọdún 1962 pẹ̀lú ọmọ 123 láti ilé àwọn aláìní. Nígbà tí wọ́n di ẹni 40 ọdún, owó tí ń wọlé fún àwọn tí ó lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ju ti àwọn tí kò lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó kọ́ wọn, ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan kò sì pọ̀. Nítorí náà, ògiri tí a kùn lọ́dà nìkan kò tó.

A kò sọ pé kí a gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó ti jókòó sí Àbújá nítorí pé àwọn Ìpínlẹ̀ kò mú ìdá tiwọn wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba èyí, kí a sì fún jẹ́lé-ó-sinmi ní kọ́bọ̀ 10 tí ó tọ́ sí kíláàsì kan. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè.