Ìtàn Jíìpù Lẹ̀ Ń Rà, Kì í Ṣe Ọ̀dà Ara Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yẹ RAV4, CR-V àti Highlander Wò Ká Tó Sanwó

   

Ọ̀rọ̀ jíìpù ìdílé la máa sọ lónìí. Ìbéèrè tó ń wọlé sórí WhatsApp wa kò yàtọ̀ síra: “Ọmọ ti di méjì, Corolla ti há jù, ọkọ̀ wo ni ká rà?” Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé orúkọ ọkọ̀ kan báyìí la máa dá, tọ́rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wò ó: RAV4 méjì lè wà ní ibì kan náà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà, iye kan náà. Wọ́n ti fọ méjèèjì, táyà wọn ń dán. Ọ̀kan lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan tọ́jú dáadáa. Èkejì lè jẹ́ èyí tí àgbàrá gbé mì fún ọjọ́ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Ojú lásán kò lè fìyàtọ̀ sí wọn. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìtàn ọkọ̀ lẹ ń rà. Ohun tí a sì fẹ́ ṣe lónìí ni pé ká kọ́ bí a ṣe ń ka ìtàn náà.

Jíìpù wo là ń sọ gan-an?

Nílùú wa, ọkọ̀ tó bá ti ga díẹ̀, jíìpù ni. Àmọ́ oríṣi méjì ló wà. Toyota 4Runner àti Land Cruiser, orí férémù irin ni wọ́n gbé ara wọn lé, bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n RAV4, Honda CR-V, Toyota Highlander àti Nissan Rogue, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní crossover. Wọn ò ní férémù lọ́tọ̀. Ara ọkọ̀ náà ni férémù rẹ̀, bíi ti Corolla tàbí Camry. Toyota gbé RAV4 jáde ní 1994, Honda gbé CR-V tiẹ̀ jáde ní 1995, láti ìgbà náà ni irú ọkọ̀ yìí ti gba ìgboro.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Torí pé bí ara bá jẹ́ férémù, ọkọ̀ tó ti forí gbá nǹkan gidi, tí pánẹ́bítà wá lù ú padà, egungun rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀. Ó lè dán bíi dígí, síbẹ̀ bí ó bá tún gbá nǹkan, kò ní gba ìyà náà mọ́ra bó ṣe yẹ. Àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ ló máa gbà á.

Nítorí náà, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀: ṣé ó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì? Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orí àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mú. Bí ọ̀dà orí wọn bá ti bó, a jẹ́ pé wọ́n ti tú u rí. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, kí ẹ wò ó bóyá irin ibẹ̀ ní ojú wẹ́dà tí kò gún. Bí ẹ bá rí ọ̀dà lára rọ́bà ilẹ̀kùn, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nọ́ńbà ṣáàsí: ìwé ìbí ọkọ̀

Ohun tó kàn ni nọ́ńbà ṣáàsí, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ máa rí i lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá òsì, ẹ lè kà á láti ìta gba inú wíńsíkíríìnì. Ẹ tún máa rí i lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Bí wọ́n bá ṣe ọkọ̀ náà fún ọjà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, àmì kẹwàá nínú VIN ló ń sọ ọdún rẹ̀. 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009. Láti ibẹ̀, ó di lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2010 ni, tí ẹ sì rí 7 níbẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá fi fóònù yín ṣe ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ tẹ VIN náà sórí Google. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé orí gbàǹjo ni wọ́n ti rà á ní Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ náà sì sábà máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè rí ọkọ̀ tí ẹ ń wò yìí gan-an, tí iwájú rẹ̀ ti wó pátápátá. Èkejì, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ọjà Amẹ́ríkà, ẹ lọ sí nhtsa.gov/recalls. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó ló ni ojúlé yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Á sọ fún yín bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà fún àtúnṣe kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe.

Ẹ má fojú kéré airbag

Ìpè padà tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ni ti airbag Takata. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 airbag ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú airbag náà máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a fún ọdún pípẹ́. Bí ọkọ̀ bá wá gbá nǹkan, ó lè bú gbàmù, kó sì máa da wẹ́wẹ́ irin sí ara ẹni tó yẹ kó dáàbò bò. Ooru àti ọ̀rinrin: ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí à ń gbé. Honda CR-V láti 2002 títí dé 2011 wà lára àwọn ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. CR-V kì í ṣe ọkọ̀ burúkú o, ọkọ̀ gidi ni. Àmọ́ ẹ yẹ VIN rẹ̀ wò. Bí wọn ò bá tíì ṣe àtúnṣe náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú Honda kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ tún ṣe èyí: ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì ta á. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà kó kú. Bí kò bá kú, ìṣòro wà. Bí kò bá tàn rárá, ìyẹn tún burú jù, torí ẹnì kan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín ibi tí à ń jókòó àti ibi tí à ń fẹ̀yìn tì lẹ́yìn. Láti September 2002 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ tuntun ní irin kékeré níbẹ̀ tí à ń fi àga ọmọdé kọ́. Ẹ rí i pé ó wà, kò sì tẹ̀.

Ọkọ̀ tó ti mu omi

Ìjì Sandy ní 2012, Harvey ní 2017, Ian ní 2022: ìgbàkigbà tí irú rẹ̀ bá jà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń wọ inú omi. Àwọn kan lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dé orí gbàǹjo. Wáyà àti kọ̀ǹpútà inú wọn á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, rewáyà yín á sì di ọmọ ilé.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin rẹ̀. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Bí ẹrẹ̀ tàbí àbàwọ́n omi bá wà níbẹ̀, ó ti tán. Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ fi iná fóònù wo abẹ́ ìjókòó: irin ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dógùn-ún. Ẹ wo inú iná iwájú bóyá omi ti ṣe ilà síbẹ̀. Ẹ pa gbogbo fèrèsé dé, kí ẹ fa èémí símú. Bí òórùn èbu bá ń rùn, tàbí tí lọ́fíńdà bá pọ̀ lápọ̀jù, ẹ fura.

Ẹ́ńjìnnì àti gíà

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ta á kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Ẹ ta á ní tútù, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn. Èéfín tó jọ àwọ̀ aró ń sọ pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tó nípọn tí kò tán lè jẹ́ pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ.

RAV4 2006 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n mọ̀ sí jíjẹ ọ́ìlì. Láti 2009 ni Toyota ti fi ẹ́ńjìnnì 2.5 rọ́pò rẹ̀ fún ọjà Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú VIN, 8 tàbí 9, lè fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì méjì tó yàtọ̀.

Ní ti gíà, ẹ tẹ bírékì, kí ẹ fi sí D, ẹ fi sí R. Ó gbọ́dọ̀ wọlé wẹ́rẹ́, láìjálu, láìpẹ́. Ẹ wà á dé ojú ọ̀nà tó gún. Bí Nissan Rogue bá ni, gíà CVT ló ní. Ilé iṣẹ́ Nissan fúnra rẹ̀ fi kún àkókò ìdánilójú lórí gíà Rogue 2008 sí 2010, ó sọ ọ́ di ọdún 10 tàbí maili 120,000, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láìnídìí. CVT sì ní ọ́ìlì tiẹ̀. Ẹni tó bá da ọ́ìlì gíà lásán sínú rẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ fóònù, tiyín rèé: gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò OBD2 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹ máa kì bọ̀ ọ́, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth. Ó ń ka àṣìṣe tí ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè ti pa àṣìṣe náà rẹ́ láàárọ̀ yẹn kí iná “check engine” lè kú. Àmọ́ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, áàpù náà máa fi hàn pé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì parí. Ìyẹn nìkan tó láti béèrè ìbéèrè. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á pè fún yín.

Ẹ tún rántí pé maili ló sábà máa ń wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Maili 140,000 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 225,000. Bí ó bá kọ 60,000, ṣùgbọ́n tí rọ́bà ẹsẹ̀ bírékì ti jẹ tán, tí ìdarí ọkọ̀ sì ti bó, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́.

Owó epo àti ìwé

Ní 29 May 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó fi máa di ìparí 2024, lítà kan ti lé ní ₦900. Torí náà, ẹ ṣírò kí ẹ tó yan Highlander. Nínú ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, RAV4 2010 oní-sílíńdà mẹ́rin ń mu nǹkan bíi lítà 10 fún kìlómítà 100. Highlander 2010 tó ní V6 ń mu nǹkan bíi lítà 12. Bí ẹ bá ń rin kìlómítà 1,500 lóṣù, ìyàtọ̀ náà jẹ́ lítà 30. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦27,000 ni lóṣooṣù, ká má tíì sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ẹ bá jẹ́ méje nínú ilé, Highlander tó ní ìlà ìjókòó kẹta tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, owó afẹ́fẹ́ lẹ ń san.

Ní ti ìwé, ẹ béèrè ìwé owó Kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti January 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gba Kùtọnu wọlé láìní ìwé gidi, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, owó yín á sì wọlẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Kí ló dé tí a ò kúkú ra tuntun?” Ó dára, bí agbára bá wà. Tuntun kò ní ìtàn tó ń fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé ìdánilójú rẹ̀ dáadáa: ibo ni wọ́n ní kí ẹ máa ṣe sáfíìsì, báwo ni pátì rẹ̀ ṣe wọ́pọ̀ sí nílùú yín? Ọkọ̀ tí pátì rẹ̀ kò sí lọ́jà, òòlà ni.

Ohun tó kẹ́yìn rèé. Bí ẹ bá ní mílíọ̀nù 10, ẹ má fi gbogbo mílíọ̀nù 10 ra ọkọ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́ìlì, bírékì, bátìrì àti táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT ara táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Bí ẹni tó ń tà á bá sì ń kán yín lójú pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. RAV4 kò tán lọ́jà.

Ẹ bá wa fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá jíìpù lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ó dìgbà kan ná o.